Kírédì Yunifásítì Kì í Ṣe Gbèsè



Ní ọjà Kétu, ní ọjà Ṣábẹ̀, ní ọjà Àjàṣẹ́, gbogbo wa ni a mọ kírédì. Ẹni tí ó bá ra ọjà ní kírédì, ó jẹ gbèsè nìyẹn.

Ọmọ kan ti yunifásítì dé wá kí bàbá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ṣimí ni ó ń kọ́. Ó ní, "Bàbá, mo ti ní kírédì 54."

Inú bàbá bàjẹ́. Ó ní, "Háà! Ta ni o jẹ tó bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò san án?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe gbèsè. Èrè iṣẹ́ mi ni. Ó ku 6 kí ti ọdún kìíní tó pé."

Bàbá yìí kò gọ̀. Kò sí ẹni tí ó ti ṣàlàyé fún un rí ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀ lónìí.

Kí ni ṣimí?

Ṣimí ni ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí ohun tí ó para pọ̀ di nǹkan kọ̀ọ̀kan, àti bí nǹkan kan ṣe ń yí padà di òmíràn. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní kẹ́mísírì.

Ẹ wo ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú. Ó jó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, ó da àdí sí omi náà, ó sì gbé e kaná. Nígbà tí ó bá jinná, kì í ṣe omi eérú mọ́, kì í sì í ṣe àdí mọ́. Ó ti di ọṣẹ. Ìyá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó kọ́ ṣimí ní láti mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ní láti mọ bí a ṣe ń wọn omi eérú pẹ̀lú àdí, kí ọṣẹ má baà jó ni lára.

Ọ̀nà tí ó lọ sí yunifásítì

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọdún 6 ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò CEP ni ó parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún 4 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí dé ìdánwò BEPC. Lẹ́yìn náà, ọdún 3 sí i, títí dé ìdánwò BAC.

Nínú ọdún 3 yìí ni ọmọ ti ń yan ọ̀nà. Ní ọ̀nà A, ẹ̀kọ́ èdè ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní ọ̀nà C, ìṣirò, físíìkì àti ṣimí ni. Ní ọ̀nà D, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìṣirò àti ṣimí wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ṣimí ní yunifásítì, kí ó gba ọ̀nà C tàbí D. Òbí tí ó bá dúró di ọjọ́ tí èsì BAC jáde kí ó tó béèrè, ó ti pẹ́.

Yunifásítì Abomey-Calavi wà lẹ́bàá Kútọnú. Ní 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Láti 2001 ni ó ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Wọ́n ń kọ́ ṣimí níbẹ̀.

Kírédì 180

Ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni lìsáǹsì. Ọdún 3 ni. Wọ́n pín ọdún kọ̀ọ̀kan sí apá 2. Apá kan ni wọ́n ń pè ní sémẹ́sítà. Sémẹ́sítà kọ̀ọ̀kan ní kírédì 30. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò:

30 + 30 = 60 fún ọdún kan
60 + 60 + 60 = 180 fún ọdún 3

Ẹ fi wé àjọ tí a ń dá. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ pé, owó tí yóò kó kò lè pé. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye kírédì tirẹ̀. Bí ọmọ bá yege nínú ẹ̀kọ́ kan, kírédì rẹ̀ ti di tirẹ̀. Bí ó bá kùnà nínú òmíràn, èyí tí ó kùnà ni yóò tún ṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní 54 kò tíì sọ ọdún rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo ọdún 3, tí ó sì ní 174, kò tíì gba lìsáǹsì. Ọdún nìkan kò tó. Kírédì ni ó gbọ́dọ̀ pé.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Ọmọ kò ní kọ́ ṣimí nìkan. Ìṣirò àti físíìkì wà níbẹ̀ láti ọdún kìíní, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè mọ ìwọ̀n. Ṣimí fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka. Ẹ̀ka kan ń sọ nípa epo, ṣúgà àti ọ̀pọ̀ oògùn. Ọ̀kan ń sọ nípa iyọ̀, irin àti òkúta. Ọ̀kan ń sọ nípa ooru, àti ohun tí ó ń mú kí ìyípadà yá tàbí kí ó falẹ̀. Ọ̀kan sì ń kọ́ni ní àyẹ̀wò: kí ni ó wà nínú omi kànga yìí? Báwo ni ó ti pọ̀ tó?

Iṣẹ́ ọwọ́ tún wà. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní làbó. Ásíìdì wà níbẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú omi bátìrì ọkọ̀, tí ń jó aṣọ. Olùkọ́ ní láti dúró tì wọ́n. Ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Bí a bá pè é wá kó àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ làbó, ó lè yá ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kò lè yá ọwọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn lìsáǹsì

Ẹni tí ó gba lìsáǹsì ṣimí kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe apòògùn. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ó lè wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi, oúnjẹ tàbí oògùn wò. Bí ó bá fẹ́ di olùkọ́, kí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. Bí ó bá fẹ́ máa kàwé lọ, máàsítà ni ó kàn: ọdún 2, kírédì 120.

Bàbá ọmọ yẹn gbọ́ gbogbo àlàyé yìí. Ó mú gègé, ó kọ 60, ó yọ 54 kúrò. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni ó ni 6 yìí?"

"Físíìkì ni, Bàbá."

"Ìgbà wo ni wọn yóò tún un ṣe?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni."

Bàbá ní, "Fi àgbàdo sílẹ̀ fún wa. Padà sí ìdí ìwé rẹ."

Ẹ jẹ́ kí á jọ sọ ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kírédì ọjà àti kírédì yunifásítì?
2. Ọmọ kan ti ní kírédì 112. Mélòó ni ó kù kí ó tó gba lìsáǹsì?
3. Ta ni ó ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú wa? Ọ̀nà wo ni ọmọ náà fẹ́ gbà?