Ìdí Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Tuntun Fi Máa Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Gbé Èrò: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Olùgbé Agbègbè Kasuwan Shanu, Maiduguri

Ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ni èyí tí ó ń kó òṣìṣẹ́, ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀yìn ìlú wọ àárín ìlú ní òwúrọ̀, tí ó sì ń dá wọn padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ó yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ibùdókọ̀ rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Níbi gbogbo tí ìjọba bá ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti máa ń béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ayẹyẹ ìṣíde ti wáyé, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i wọ̀. Ìdáhùn kò rí bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ìdádúró kan wà tí ó jẹ́ ti ààbò ẹ̀mí, tí kò sì yẹ kí wọ́n gé e kúrú. Òmíràn wà tí ó jẹ́ àìgbèrò dáadáa kí wọ́n tó náwó, èyí tí ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àlàyé lé lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Maiduguri gidigidi. Ní 1964 ni ojú irin dé ìlú náà, nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1958 láti Kuru, nítòsí Jos, gba Bauchi àti Gombe kọjá, tí ó sì parí lẹ́yìn nǹkan bí 640 kìlómítà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe ọ̀nà láti Port Harcourt dé Maiduguri, èyí tí ó gùn ju 1,400 kìlómítà lọ. Ní 2024, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Port Harcourt àti Aba, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà lásán nìyẹn, Maiduguri sì ni òpin rẹ̀ lápá kejì. Fún àwọn tí ó ń ta màlúù ní ọjà Kasuwan Shanu àti àwọn ìdílé Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní àyíká ọjà náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó àti Àbújá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó ṣeé kọ́ kí ọkọ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èkó ti dúró pẹ́. Ìjọba Gómìnà Lateef Jakande ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ní 1983, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, owó ńlá sì ṣòfò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni wọ́n tó ṣí apá kìn-ín-ní ọ̀nà ojú irin Blue Line, láti Marina dé Mile 2, tí ó jẹ́ 13 kìlómítà pẹ̀lú ibùdókọ̀ márùn-ún. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà kí èrò tó wọ̀ ọ́. Ó lé ní oṣù méje tí ọkọ̀ fi wà níbẹ̀ láìgbé èrò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé wọ́n ti pa á tì.

Ohun tí ó máa ń gba irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò hàn sí ojú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò lójú kan: iná rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ àti gbogbo wáyà tí ó so kóòṣì kan mọ́ èkejì, ìyẹn àwọn yàrá tí èrò ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi í rìn ní òfìfo, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi í sáré. Wọ́n tún máa ń kó ẹrù tí ìwúwo rẹ̀ tó ti èrò sínú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí yóò dúró sí bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, nítorí pé ọkọ̀ tí ó kún kì í tètè dúró bí èyí tí ó ṣófo. Ìpele tí ó le jù ni ti àmì ìdarí, èyí tí í ṣe àwọn iná àti ẹ̀rọ tí ń sọ fún awakọ̀ bóyá ọ̀nà iwájú rẹ̀ ṣófo. Ọkọ̀ lè pé, ojú irin lè pé, kí àwọn méjèèjì má sì gbọ́ ara wọn yé. Bí gbogbo èyí bá ti yege ni wọn yóò wá máa rin gbogbo ìrìn ọjọ́ kan láìgbé èrò, pẹ̀lú awakọ̀ tí ó ń kọ́ ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ tí ó ń kọ́ bí èrò yóò ṣe sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ọkọ̀ òfìfo tí ń lọ tí ń bọ̀ lásìkò yìí kì í ṣe ìfowóṣòfò rárá.

Ní ti Blue Line, iná mànàmáná tún fi kún iṣẹ́ náà. Irin kẹta kan tí ó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn ni ó ń gbé iná náà, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kàn án lè kú lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí odi àti ìkìlọ̀ fún àwọn ará àdúgbò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú iná. Kódà nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnì dísù ni ó kọ́kọ́ ń fà á, ó sì di oṣù Kẹwàá 2023 kí ó tó bọ́ sórí iná mànàmáná.

Ìtàn Red Line, ọ̀nà kejì ní Èkó, gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ra ọkọ̀ méjì tí ilé-iṣẹ́ Talgo ṣe ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n kọ́ wọn fún, ṣùgbọ́n ètò ojú irin ìpínlẹ̀ náà wó lulẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà sì wà ní ìpamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbé èrò kan. Ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan ń bàjẹ́ lọ́nà tirẹ̀: rọ́bà ń gbẹ, bátìrì ń kú, gírísì ń le, nítorí náà iṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀ kì í kéré sí ti ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà, tí ó jẹ́ 27 kìlómítà láti Agbádó dé Òyìngbò, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lò, nítorí náà àwọn aláṣẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò kọjá àti ìgbà tí yóò kọjá, wọ́n sì ní láti kọ́ afárá sí ibi tí títì ti dábùú ojú irin, bí ti Yaba, Mushin àti Ìkẹjà.

Èyí tí ó yẹ kí ó dun ará ìlú jù ni ti 2011, nígbà tí Èkó kéde pé òun yóò lo àwọn kóòṣì tí ìlú Toronto ní Kánádà ti lò gbó. Ìbú ojú irin, ìyẹn àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì, jẹ́ 1,495 mílímítà ní Toronto, nígbà tí ti Èkó jẹ́ 1,435. Ọgọ́ta mílímítà péré ni ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ohun tí ó wà lábẹ́ kóòṣì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kóòṣì náà kò gbé èrò rí ní Èkó. Irú ìdádúró yìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ní Àbújá, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2018, ó sì dúró ní 2020 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà. Lásìkò tí ọ̀nà náà fi dá, àwọn olè gé wáyà, wọ́n sì kó ohun èlò lọ, débi pé ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024 kí ọkọ̀ tó tún rìn. Òkè òkun pàápàá kò yọ nínú ìdádúró: Elizabeth Line ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó dé Woolwich àti Abbey Wood níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, yẹ kí ó ṣí ní oṣù Kejìlá 2018, ṣùgbọ́n ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2022 ni ó ṣí, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àmì ìdarí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ọ̀nà kan.

Ìbú ojú irin Maiduguri jẹ́ 1,067 mílímítà, nítorí náà ọkọ̀ Èkó kò lè rìn lórí rẹ̀ bí ó ti wà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ní àkókò ìbò kò tíì wọn irin. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá wá ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn àgbà ọjà àti àwọn olórí àdúgbò, ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá kóòṣì tí wọ́n fẹ́ rà bá ìbú ojú irin tí ó wà nílẹ̀ mu, ibi tí ilé ìtúnṣe yóò wà, ẹni tí yóò máa pèsè ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti ọjọ́ tí èrò yóò wọ̀ ọ́, èyí tí ó yàtọ̀ sí ọjọ́ ayẹyẹ. Bí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òfìfo lè kọjá ní òru tàbí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láìsí nínú àkọsílẹ̀ ìrìn kankan, kò sì lè yà fún màlúù. Nítorí náà, kí àwọn darandaran àti àwọn oníṣòwò màlúù ti bá òṣìṣẹ́ ojú irin ṣe àdéhùn lórí ibi tí agbo ẹran yóò ti máa sọdá àti wákàtí tí yóò máa sọdá kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó rìn, kí wọ́n má ṣe pàtẹ ọjà sórí ojú irin, kí wọ́n má sì ra irin tàbí wáyà tí ẹnikẹ́ni bá tú kúrò lára rẹ̀.