Suwíìṣì Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀: Ohun Kékeré Tí Ń Dá Píkọ́ọ̀pù Dúró ní Monrovia

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni suwíìṣì tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára ọkọ̀. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò sì sí awakọ̀ tí í rántí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó bá kọ iṣẹ́, ọkọ̀ tí ó kún fún àpò èédú yóò dúró gbagidi bí òkúta, awakọ̀ kò ní rí owó ọjọ́ náà, ìyá tí ó ni ẹrù kò sì ní bá ọjà.

Ìlú Monrovia, tí í ṣe olú ìlú Làìbéríà, ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kò ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí láti oṣù kẹjọ ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó ti mọ̀ ọ́n, ìbáà ṣe nípa ogun tàbí nípa òwò. Láti ọ̀nà Kakata àti Gbarnga ni píkọ́ọ̀pù ti ń kó èédú, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí ọjà Waterside àti ọjà Duala. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó jẹ́ àlòkù, irú èyí tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀. Èbúté Freeport tí ó wà ní Bushrod Island, tí a ṣí ní ọdún 1948, ni wọ́n ń gbà wọlé. Kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò fi jẹun, a ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò sì ran nǹkan lọ́wọ́. Òjò tí ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún ju 4,000 mìlímítà lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì òjò Èkó, atẹ́gùn iyọ̀ sì ń fẹ́ wá láti inú òkun. Omi àti iyọ̀ ni ọ̀tá bàbà. Wọn a mú kí àwọn pẹpẹ bàbà kéékèèké inú suwíìṣì dípẹtà, iná mànàmáná kò sì ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Ibi tí iná bá ti ń fi agbára wá ọ̀nà ni ooru ti ń mú. Ibi tí ooru bá sì ti mú jù ni ike ti ń yọ́.

Kí ni iṣẹ́ suwíìṣì yìí gan-an? Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ọkọ̀, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ọ̀gbẹ́ni Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ni ó ṣe sítátà oníná tí ilé iṣẹ́ Cadillac fi sí ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ní ọdún 1949 ni ilé iṣẹ́ Chrysler mú kí ó ṣeé ṣe láti fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tan iná ọkọ̀ kí a sì fi jí ẹ́ńjìnnì. Lára àwọn píkọ́ọ̀pù Toyota àtijọ́, ibùdó mẹ́rin ni kọ́kọ́rọ́ ń dé: LOCK tí ń ti sítíárìn pa, ACC tí ń fún rédíò níná, ON tí ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, àti START tí ń ránṣẹ́ sí sítátà. A sọ pé ó ń ránṣẹ́, nítorí iná tí sítátà ń jẹ, tí ó lè ju 100 ámípéà lọ, inú wáyà ńlá ni ó ń gbà wá tààrà láti ara bátìrì. Ìránṣẹ́ ni suwíìṣì, kì í ṣe alárù.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí a tó dá suwíìṣì lẹ́bi, ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu bátìrì àti ti sítátà. Bátìrì tí ara rẹ̀ le a máa fi nǹkan bí 12.6 fóòtì hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sinmi. Bí èyí bá pé, tí orí bátìrì mọ́, tí wáyà rẹ̀ sì dì pinpin, kí a yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, kí a so gílóòbù kékeré mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ sí ibi sítátà, kí ẹnì kejì sì yí kọ́kọ́rọ́ sí START. Bí gílóòbù bá tàn tí sítátà kò sì ró, suwíìṣì ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Sítátà ni kí a bá wí. Bí gílóòbù kò bá tàn, tí fíúsì sì pé, nígbà náà ni ẹ̀sùn kan suwíìṣì tàbí wáyà tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Àmì mìíràn tí ó sábà máa ń tọ́ka sí i ni pé ẹ́ńjìnnì a jí ní START, ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá padà sí ON ni yóò kú.

Iṣẹ́ àtipààrọ̀ rẹ̀ kò le fún oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àwọn tí a ń pè ní rewáyà. Kí ó kọ́kọ́ tú wáyà nẹ́gétífù kúrò lórí bátìrì. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí ó ní àpò afẹ́fẹ́ nínú sítíárìn, kí ó dúró fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá, ó kéré tán, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú ike tí ó bo ọrùn sítíárìn, tí yóò sì fa ìdìpọ̀ wáyà yọ lẹ́yìn suwíìṣì. Kí ó wo ẹnu ìdìpọ̀ náà dáadáa, nítorí suwíìṣì tuntun tí a bá fi sí ẹnu wáyà tí ó ti jó kò ní pẹ́ tí yóò fi jó pẹ̀lú. A fẹ́ kí ó yé yín pé ohun méjì ni ó wà níbẹ̀: ojú kọ́kọ́rọ́ tí í ṣe irin, àti suwíìṣì iná tí a fi ìdè kéékèèké dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì ń yí geere, ti ẹ̀yìn nìkan ni a ó pààrọ̀, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó da ike bò ó, kí wọ́n dán ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, òun ni ó sì mú wa kọ ìwé yìí. Wọn a gé wáyà náà, wọn a so ó pọ̀, wọn a sì fi bọ́tìnì olówó pọ́ọ́kú kan sí ara páńẹ́ẹ̀lì. A kò pe àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé owó tí ó pa lónìí ni yóò fi ra epo ọ̀la kò ní àkókò láti wá ojúlówó ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ kiri. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka iye tí ó ń ná an. Wáyà tí kò gba ojú fíúsì kọjá mọ́ lè gbiná láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Sítíárìn tí kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé rẹ̀ lè ti ara rẹ̀ pa lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí bọ́tìnì ń jí kò sì mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀ sí olè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ń fi ọ̀rọ̀ kékeré dẹ́rù bani, kí ó wo Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ Ford pe ọkọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 8 lọ padà nítorí pé suwíìṣì kọ́kọ́rọ́ wọn lè gbiná. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ General Motors pe nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 padà, nítorí pé sípíríǹgì inú suwíìṣì náà rọ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ a yọ̀ kúrò ní ON lójú eré, ẹ́ńjìnnì a kú, àpò afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde nígbà ìjàm̀bá. Ètò tí ilé iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ láti san owó gbà-máà-bínú gbà pé ènìyàn 124 ni ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni a sọ ọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pé àtúnṣe ẹ̀yà náà ìbá má ju 57 sẹ́ńtì lọ, owó tí kò tó dọ́là kan.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìjọba tí ó lè pe ilé iṣẹ́ ńlá wá jẹ́jọ́. Píkọ́ọ̀pù tí ó ti lo ogún ọdún kí ó tó dé Waterside, tàbí kí ó tó dé Ládiípò ní Èkó, kò ní ẹni tí yóò pè é padà. Ọwọ́ awakọ̀ àti ọwọ́ rewáyà nìkan ni ìpèpadà rẹ̀ wà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má ṣe so ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé àti ti ìsọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, nítorí ẹrù rẹ̀ ń jẹ ojú kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe gba iná ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àwọn àfikún iná iwájú lára wáyà suwíìṣì. Láti ara bátìrì ni kí ẹ ti gbà á, kí ó sì gba ojú fíúsì tirẹ̀. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá kọ́kọ́ ṣe ségesège, tí ẹ ní láti mì ín kí ó tó dáhùn, ni kí ẹ ti lọ rí rewáyà. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tí ẹrù pé, tí ìyá oní-ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti jókòó síwájú ọkọ̀.