Ta Ni Yóò Jogún Fúláàtì Baálé Yín?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogún kì í dùn-ún gbọ́ nígbà tí baálé ṣì wà láàyè. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa rò pé ikú ọkọ rẹ̀ ni aya tí ó bá dá a sílẹ̀ ń fẹ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó dé bá aládùúgbò mi kan.

Ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó fi ra fúláàtì kan ní Abẹ́sàn, Ìpájà, lára àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande (1979 sí 1983) dá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó san gbèsè náà tán ni ọlọ́jọ́ dé. Kò kọ ìwé ìhágún. Ìyáálé bí ọmọ 4. Ìyàwó, tí ó ń gbé ní Agége, bí ẹyọ kan. Ìlànà ìbílẹ̀ ni a fi gbé àwọn méjèèjì níyàwó.

Ọjọ́ ogójì kò tíì pé tí àbúrò olóògbé fi mú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ jáde. Orúkọ tirẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé àpọ́n ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ó kọ ọ́. Ó ní òun ni ó ni fúláàtì. Rárá o! Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ọdún 1993 gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti yan ẹni tí a ó fi ìpín rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kan ilé tí ó rà sí ìta.

Ìyáálé ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ márààrún gba ọgbọọgba. Ìyàwó ní ìdí-igi ni. Irú ẹjọ́ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ ní Èkó rí, lórí ogún Suberu Dawodu, tí ó ní ọmọ 9 láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ wa dájọ́ ní 1958 pé ọ̀nà 4 ni kí a pín in sí, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá fẹ́ fi í parí ìjà. Nítorí náà, ìdajì tọ́ sí ọmọ kan ṣoṣo yẹn. Àwọn ìyá rẹ̀ ńkọ́? Lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ipasẹ̀ ọmọ ni ó fi ń jẹ níbẹ̀. (Ti ẹni tí ó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin yàtọ̀, òfin ka òun mọ́ ajogún.) Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ kò kéré sí ọkùnrin, ilé-ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1908 nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún. Kì í ju ènìyàn 4 lọ tí orúkọ wọn ń wà nínú rẹ̀, alábòójútó sì ni wọ́n, wọn kì í ṣe onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń tú ká. Ìwé yìí ni a fi ń yí orúkọ padà sí ti ajogún. Bí a bá sì fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní dandan ni àṣẹ gómìnà.

Fúláàtì kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè fi okùn wọ̀n sí méjì. Àkọ́bí ìyáálé, obìnrin, ni ó gbà láti ra ìdajì ti àbúrò wọn. Lọ́yà kọ àdéhùn sílẹ̀, ó sì san owó náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 2. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé inú ilé náà.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo bi baálé mi léèrè orúkọ ẹni tí ó kọ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ tirẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni, tí a ti sin láti ọdún 2016.