Ológbò Elétí Kíká: Ẹwà Tí Ó Ní Ìrora Nínú

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ológbò kan mu, èyí tí a ń pè ní Scottish Fold, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé nítorí ẹwà rẹ̀.

Ní ọdún 1961, olùṣọ́-àgùntàn kan tí ń jẹ́ William Ross rí ológbò funfun kan ní oko kan lẹ́bàá Coupar Angus, ní ilẹ̀ Skọ́tilándì. Susie ni orúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ kò nà ró bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀; ó ká wá sí iwájú, ó sì lẹ̀ mọ́ orí bí etí fìlà abetí-ajá tí a fà wálẹ̀. Nígbà tí Susie bímọ, Ross gba ọ̀kan tí etí tirẹ̀ náà ká, ó sì ń sìn ín. Láti ibẹ̀ ni ìdílé wọn ti gbilẹ̀.

Ológbò náà dùn ún wò. Orí rẹ̀ rí roboto bí ti òwìwí, ojú rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ kúrú, ó sì ki, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí àwọn onírun gígùn nínú wọn. Etí títọ́ ni a fi ń bí gbogbo ọmọ wọn. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kí ti àwọn kan tó ká.

Ní ti ìwà, ẹranko pẹ̀lẹ́ ni. Kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn ará ilé. Nígbà mìíràn a fi ìdí jókòó, a na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn síwájú bí ènìyàn, àwọn tí ń wò ó a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká etí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àrùn àjogúnbá ni. Ní ọdún 2016 àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìyípadà nínú àbùdá kan tí a ń pè ní TRPV4 ni ó fà á. Ó ń ba kèrékèré jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kèrékèré kò sí ní etí nìkan. Òun ni ó bo orí eegun ní oríkèé gbogbo. Èyí tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ó ń jìyà jù: ẹsẹ̀ a wú, ìrù a gan, ìrìn a di ìṣòro. Ti ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ nínú ewu.

Nítorí náà, bí irú ológbò bẹ́ẹ̀ bá ń jókòó jẹ́jẹ́, tí kò fẹ́ fò mọ́, kí olówó rẹ̀ má ṣe yára pè é ní ìwà tútù. Ó lè jẹ́ ìrora. Kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko. Kò sí ìwòsàn pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn lè dín ìrora kù. Kí a má ṣe fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn láé: parasitámọ̀ a máa pa ológbò.

Kí ọdún 1975 tó dé, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ ológbò sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀ wọ́n. Síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ológbò ńlá kan gbà wọ́n sí ipò ìdíje ní ọdún 1978, ọjà wọn sì ń tà títí di òní.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ohun tí a ń rà ni a ń gbé wá sọ́jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ológbò onírun kúkúrú tí ó rẹwà, kí ó yan èyí tí etí rẹ̀ nà ró. Ìyẹn lè fò gun orí àká, kí ó sì pa eku.