Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ̀mí òṣìṣẹ́ fi máa ń pa ohun tó mọ̀ rẹ́?

Bí fóònù yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe radarada, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ẹ ó pa á, ẹ ó tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ ó nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, kó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Irú ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe fún kọ̀ǹpútà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ ńláńlá wà. Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é yàtọ̀ pátápátá.

Safety controller ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ kan tó ń tẹ irin pẹlẹbẹ di ara mọ́tò. Òṣìṣẹ́ á na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀ láti gbé irin sí i. Wọ́n ti ta iná tí ojú kò lè rí síwájú ẹ̀rọ náà bíi kọ́tìnnì. Bí ọwọ́ bá ti gé iná yẹn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, àbí kí ọwọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń gbọ́ pé ọwọ́ ti wọlé, òun náà ló sì ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ dúró.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé mẹ́mọ́rì kì í ṣe òkúta. 0 àti 1 ló kún inú ẹ̀, iná mànàmáná tó ń ṣe ségesège sì lè yí 0 kan di 1. Kódà ìtànṣán tó ń ti òfúrufú bọ̀ lè ṣe é. Lọ́dún 2003, nínú ìbò kan ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Belgium, kọ̀ǹpútà fi ìbò 4096 kún ìbò olùdíje kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tí ẹ ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀méjìlá, 4096 gan-an lẹ máa bá. Ìyẹn ni pé àyè kan ṣoṣo ló yí padà nínú mẹ́mọ́rì. Ìtànṣán ni wọ́n fura sí. Ìbò ṣeé tún kà o. Ọwọ́ tó wà lábẹ́ irin ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í sábà dá ronú. Ẹ jẹ́ ká mú GuardLogix 5570, tí ilé iṣẹ́ Rockwell Automation ní Amẹ́ríkà ṣe. Pírósẹ́sọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, èkejì jẹ́ alábàáṣe ẹ̀. Wọ́n á jọ ṣe ìṣirò kan náà, wọ́n á sì fi èsì wéra. Bí èsì kò bá bára mu, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo nínú méjèèjì ló ń parọ́, nítorí náà iṣẹ́ ààbò á dáwọ́ dúró, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí náà á sì dúró.

Àwọn àléébù kan wà tí èèyàn kàn lè fi kọ̀ǹpútà alágbèéká pa rẹ́, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò tí kọ̀ntírólà ń ṣe fún ara ẹ̀ bá já a kulẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa pa ètò tó wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ́. Iná OK á wá pọ́n, kò ní ṣẹ́jú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí nínú ìwé atọ́nà, ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó ni ín. Rárá o. Ó dà bí ọdẹ tó rí i pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, tó wá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé fún onílé. Ó sàn kó má mọ nǹkan kan ju kó máa fi ohun tí kò dá a lójú ṣọ́ èèyàn lọ.

Láti jí i padà, wọ́n á pa iná, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á gbé ètò náà padà sínú ẹ̀. Bí iná bá ṣì pọ́n, ó di ọwọ́ àwọn tó ṣe é.

Nígbà míì, èèyàn ló máa fúnra ẹ̀ nu mẹ́mọ́rì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ohun kékeré kan wà lára kọ̀ntírólà yìí tí wọ́n ń pè ní ESM. Bí iná bá lọ, òun ló ń tọ́jú agbára díẹ̀ tí kọ̀ntírólà á fi kọ ètò náà pa mọ́ kó tó kú. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn pa iná tí ẹ tún un tàn, ohun tí ẹ fẹ́ lé lọ á tún padà wá. Ẹ ní láti kọ́kọ́ yọ ESM, kí ẹ tó pa iná, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tó tan iná. Bí wọ́n bá sì ti ṣètò káàdì SD pé kó máa gbé ètò wọlé nígbàkigbà tí iná bá dé, àtijọ́ náà ló máa tún wọlé. (Ẹ má lọ dán an wò níbi iṣẹ́ ẹlẹ́ni o!)

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wo àmì ìdánimọ̀ ètò ààbò náà, ìyẹn nọ́ńbà pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò tí wọ́n ṣe é. Bí kò bá bá èyí tó wà lákọsílẹ̀ mu, kì í ṣe ètò tí wọ́n ti dán wò nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbogbo ẹ̀ dán wò, títí kan iná tí ọwọ́ ń gé.

Ohun tó wá ń kọ mí lóminú ni pé bí mẹ́mọ́rì bá ti lọ, ẹ̀rí náà ti lọ. Lọ́dún 2017, kọ̀ntírólà Triconex, tí Schneider Electric ṣe, dá iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Saudi Arabia. Oṣù kẹfà ni ti àkọ́kọ́, wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ ló kàn bàjẹ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ. Nígbà tí wọ́n wá túṣu désàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n rí i pé àwọn hacker ti wọlé, wọ́n ń gbìyànjú láti fi kóòdù tiwọn sínú mẹ́mọ́rì. Pírósẹ́sọ̀ mẹ́ta ló wà nínú Triconex. Kóòdù tó wà nínú wọn kò bára mu, ni gbogbo ẹ̀ bá dúró.

FireEye, tó tú àṣírí náà lóṣù kejìlá ọdún yẹn, pe kóòdù náà ní Triton. Wọ́n ní bí kọ̀ntírólà bá kọ̀ tí kò padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín àkókò kan, Triton á kọ pàǹtírí lé ara ẹ̀ lórí kí wọ́n má bàa rí ipa ẹ̀. Ẹ ò rí i pé olè náà mọ ìwúlò kí èèyàn nu mẹ́mọ́rì! Lójú tèmi, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ESM, ó yẹ kó ti kọ nọ́ńbà àléébù náà sílẹ̀, kó sì ti da àkọsílẹ̀ inú kọ̀ntírólà náà sórí kọ̀ǹpútà míì.

Kọ́kọ́rọ́ kan wà lára Triconex tí wọ́n máa ń yí. Bó bá wà ní RUN, kò ní gba ètò tuntun. Ní Saudi Arabia yẹn, PROGRAM ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí.