Ẹ́ńjìnnì dísù tó kọ̀ tí kò dáhùn: ẹ má tíì tú pọ́ǹpù o!

Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ru iṣu láti Ṣakí wá sí Èkó, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilẹ̀ mọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ 911, sítátà ń yí gírígírí, ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn. Iṣu ń gbóná lẹ́yìn ọkọ̀, àwọn oníbàárà ń retí. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì tí kò ní sùúrù yóò ti sọ pé pọ́ǹpù ti kú, yóò tú u, owó ńlá yóò sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló wọ inú epo.

Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì yìí, gbé èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní ìlú Augsburg lọ́dún 1897. Kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti ọkọ̀ pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnnì ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo tí nọ́sù bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́sù kì í ṣí àfi bí epo bá fi agbára tì í. Lára ẹ́ńjìnnì bíi ti 911, agbára náà tó nǹkan bí ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù, ṣe ni pọ́ǹpù yóò máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ tìmùtìmù. Nọ́sù kò ní ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ wo sàlẹ́ńsà. Bí sítátà bá ń yí dáadáa tí èéfín kankan kò jáde, epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín funfun bá ń rú, epo ń débẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbiná. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ wò ó bóyá wáyà tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní fífà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣe àgbà awakọ̀ náà. Ẹ sì ti igi tó mọ́ bọ táǹkì, nítorí géèjì a máa purọ́.

Ó wá kan pọ́ǹpù ọwọ́. Bí ó bá ṣòro láti tẹ̀ wálẹ̀, fílítà ló ṣeé ṣe kó ti dí. Bí ó bá fúyẹ́ bí ẹni ń tẹ òfìfo, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ẹ tú bóòtù orí fílítà díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ títí epo tó ń jáde kò fi ní hó bí ọṣẹ mọ́, kí ẹ dè é. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí bóòtù ara pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù díẹ̀, kí ẹnì kan yí sítátà títí epo yóò fi yọ, kí ẹ dè wọ́n padà.

Bí ó bá sítáàtì tó tún kú, ibì kan ń fa afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ kì í sábà jò síta, nítorí fífà ni ó ń fà wọlé, ìdí nìyí tí ojú kì í fi í rí i. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dísù tó mọ́ sókè ju ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ fi rọ́bà tuntun so ó mọ́ pọ́ǹpù kékeré dípò páìpù táǹkì, kí ẹ tún lé afẹ́fẹ́ jáde. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìkú, ẹ̀bi wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù. Rọ́bà tó sán lè má ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ.

Jẹnẹrétọ̀ Perkins àtijọ́ ní àrùn tirẹ̀: ó ń jí láàárọ̀, ó ń kọ̀ lọ́sàn-án nígbà tó bá gbóná. Ẹ pa á, kí ẹ fi àkísà tútù bo pọ́ǹpù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá dáhùn lẹ́yìn náà, inú pọ́ǹpù ti jẹ. Epo tó gbóná ti ṣàn jù, ó ń sá gba ibi tó jẹ. Dísù tí wọ́n fi kẹrosíìnì là wà lára ohun tó ń fa èyí, nítorí dísù náà ni òróró pọ́ǹpù.

Ẹ má da pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé o! Ẹ má sì fọwọ́ wá ibi tí páìpù nọ́sù ti ń jò, páálí ni kí ẹ lò. Epo tó ń fọ́n níbẹ̀ lè gún awọ bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà yóò kéré, ṣùgbọ́n ó lè gba ìka lọ́wọ́ ẹni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.

Àwọn ọkọ̀ dísù tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Agbára epo wọn lè kọjá ìlọ́po 1,600, nítorí náà ẹ má tú páìpù wọn rárá. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí agbára tó tó, kò ní jẹ́ kí nọ́sù ṣí. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ kà á bí sítátà ṣe ń yí, kí ó sì wọn epo tó ń padà láti ara nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń jò, òun nìkan ni kí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún nọ́sù ṣe.