Bí A Ti Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Gìtá

Ohun èlò orin kò ní ahọ́n, síbẹ̀ olúkúlùkù wọn ní ohùn tirẹ̀. Awọ ní ohùn, irin ní ohùn, igi pẹ̀lú sì ní tirẹ̀. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ èyí dájú. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ìgògò ní oṣù kẹsàn-án, ìlù a dákẹ́, agogo ni wọ́n sì ń lù. Kò sí ọmọ ìlú náà tí yóò gbọ́ ìró agogo tí yóò pè é ní ìró ìlù. Ní àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, tí igbó rẹ̀ ti ń pèsè igi ńláńlá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá ní sùúrù lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó ṣe ohun èlò kan tí ohùn rẹ̀ ti inú igi jáde wá. Ohun èlò náà ni gìtá.

Yorùbá ti mọ gòjé tipẹ́tipẹ́, èyí tí ó ní okùn kan ṣoṣo tí a ń fi ọrun fà. Ṣùgbọ́n àlejò ni gìtá. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ ni ó gbà dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì pẹ́ tí àlejò náà fi di ọmọ onílé. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni Túndé King sọ orin jùjú di ohun tí gbogbo Èkó mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú orin náà; lẹ́yìn rẹ̀ ni King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba ní Oǹdó, gbé ìró gìtá Yorùbá dé òkè òkun. Iná mànàmáná ni ó ń ran gìtá oníná lọ́wọ́. Gìtá tí a ó ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín kò ní olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀.

Kí ni ó ń mú kí gìtá dún? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé okùn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n okùn nìkan kò tó. Bí a bá na okùn gìtá kan láàárín ìṣó méjì lára ògiri, tí a sì ta á, agbára káká ni ẹni tí ó dúró ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i yóò fi gbọ́ ọ. Okùn náà tín-ín-rín jù láti ti afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyọ ọwọ̀ kan kò ti lè fẹ́ iná. Abẹ̀bẹ̀ ní í fẹ́ iná, nítorí pé ó fẹ̀. Ojú gìtá, èyíinì ni pákó pẹlẹbẹ tí ihò wà láàárín rẹ̀, ni abẹ̀bẹ̀ okùn. Nígbà tí okùn bá ń gbọ̀n, yóò mú kí ojú gìtá gbọ̀n pẹ̀lú, ojú gìtá yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ yóò máa gbọ̀n bákan náà, ìró yóò sì gba ojú ihò jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nínú àpótí agídìgbo.

Níbí gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ náà wà. Ojú gìtá gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kí ó tó lè gbọ̀n dáradára. Ṣùgbọ́n bí a bá fa okùn onírin mẹ́fà le títí ohùn wọn fi tọ́, ipá tí gbogbo wọn fi ń fa gìtá tó ìwúwo kílógíráàmù 70, èyí tí ó ju ti àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Pákó tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ ni yóò sì máa fara da ìfà yìí tọ̀sán-tòru fún ọdún púpọ̀. Bí ó bá nípọn jù, gìtá náà yóò lágbára bí àga, yóò sì yadi bí àga. Bí ó bá tín-ín-rín jù, ohùn rẹ̀ yóò dùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yóò wú, tí yóò sì ya. Láàárín agbára àti ohùn ni gbogbo ọgbọ́n aṣegìtá wà.

Igi yíyàn ni ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, igi kan tí wọ́n ń pè ní spruce ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ojú gìtá. Igi náà kì í hù ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó lè kọrin. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà ti ń fi igi mahogany, tí í ṣe ìbátan ọ̀gànwó, ṣe ojú àwọn gìtá kan. Bẹ́ẹ̀ ni igi sapélé, tí àwọn aṣegìtá káàkiri ayé fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, orúkọ ìlú Sapele ní Nàìjíríà ni ó ń jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ̀n kò ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gànwó dára fún ojú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn. Apá, tí ó le tí ó sì wúwo, dára fún pákó orí ọrùn tí ìka yóò máa tẹ̀. Ọmọ̀, tí àwọn agbẹ́gi fi ń gbẹ́ ìlù, rọrùn láti gé fún àwọn igi kéékèèké inú àpótí.

Ní ilé ìlagi, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú nìkan ra pákó. Yóò wá èyí tí a là gba ọkàn igi, nítorí pé kì í súnkì bí èyí tí a là ní ẹ̀gbẹ́ igi. Yóò fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, yóò sì fi oríkèé ìka kàn án, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í kan ìkòkò wò lọ́jà kí ó tó sanwó. Pákó tí ó bá dún gooro ni yóò gbé; èyí tí ó bá dún pòkì, yóò fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń kan àpótí aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò to pákó rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé níbi tí òjò àti oòrùn kò ti lè dé, yóò sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí agbedeméjì wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Pákó tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 yóò wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan.

Nígbà tí igi bá gbẹ, aṣegìtá yóò la pákó kan sí méjì ní ìbú rẹ̀, bí ẹni ṣí ìwé, kí ìlà igi apá ọ̀tún lè bá ti apá òsì mu. Yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò sì máa fi ìfági fá a díẹ̀díẹ̀. Bí ó ti ń fá a ni yóò máa kàn án létí, tí yóò sì máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti ń ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti gé ihò rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, yóò lẹ ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú ojú náà. Méjì nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí yóò dábùú ara wọn nísàlẹ̀ ihò, àwọn kéékèèké yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn ni ó ń ran pákó tín-ín-rín lọ́wọ́ láti gba ìfà okùn. Aṣegìtá a máa gbẹ́ etí wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà di ẹrù lé ojú gìtá lórí.

Antonio de Torres, aṣegìtá olókìkí ará Spéìn, fẹ́ fi hàn pé ojú gìtá ni ohùn wà. Ní ọdún 1862, ó fi igi dáradára ṣe ojú gìtá kan, ṣùgbọ́n páálí ni ó fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣe é yọrí, ó sì ní okùn lára bí gìtá yòókù. Gìtá náà ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Barcelona títí di òní. Ẹni tí ó bá ń náwó púpọ̀ lórí igi ẹlẹ́wà fún ẹ̀yìn gìtá, tí ó sì ń kánjú lórí ojú rẹ̀, kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ Torres.

Ẹ̀gbẹ́ gìtá ni ó máa ń ya olùwòran lẹ́nu jù, nítorí pé igi ni, ó sì ká bí ìbàdí. A ó fá pákó náà títí yóò fi tó mìlímítà 2, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lé ara páìpù irin tí iná ti mú gbóná. Ooru àti omi a mú kí igi rọ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ kí ó tó rọ̀ yóò gbọ́ tí yóò ṣẹ́ kànkàn. Ẹni tí ó bá dúró yóò rí i tí yóò máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ká tán, a ó dè é mọ́ inú pákó tí a gé ní ìrí gìtá títí yóò fi tutù. Nígbà náà ni a ó lẹ ojú àti ẹ̀yìn mọ́ ọn, tí àpótí yóò sì pé.

Ọrùn gìtá ni ibi tí ìṣirò ti wọ inú iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó dábùú rẹ̀. Bí ìka bá tẹ okùn mọ́ ọ̀kan nínú wọn, okùn náà yóò kúrú, ohùn rẹ̀ yóò sì lọ sókè. Bí gígùn okùn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65, a ó fi 17.817 pín in, yóò sì fún wa ní 3.65, ibẹ̀ ni irin kìíní yóò wà. Okùn tí ó kù jẹ́ 61.35. A ó tún fi 17.817 pín èyí, yóò sì fún wa ní 3.44, bẹ́ẹ̀ ni irin kejì yóò fi 3.44 jìnnà sí èkíní. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, irin kejìlá yóò bọ́ sí 32.5, tí í ṣe ìdajì okùn gan-an, ohùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú ti odindi okùn, àmọ́ ti òkè. Bí irin kan bá ṣì ní mìlímítà kan péré, etí tí ó mọ orin yóò mọ̀ ọ́n.

Egungun ni a fi ń ṣe ibi tí okùn gbé ń sinmi ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, nítorí pé ó le, ó sì ń gbé ìró dáradára. Ní ayé àtijọ́, Ọ̀wọ̀ lókìkí fún eyín erin gbígbẹ́, ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ṣe sì wà ní àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1990 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí pé erin ń tán lọ. Egungun màlúù tí a sè, tí a sá, tí a sì fi sáńpépà dán ń ṣe iṣẹ́ náà láìkù síbì kan.

Ọ̀tá gìtá tí kì í ṣíwọ́ ni ojú ọjọ́. Igi a máa mu ọ̀rinrin nígbà òjò, a sì máa wú. Nígbà ọyẹ́ a máa súnkì. Ní ìbú rẹ̀ ni ó ti ń súnkì, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn. Bí a bá lẹ ọ̀pá inú gìtá mọ́ ojú rẹ̀ ní oṣù keje, nígbà tí igi ti mu omi yó, tí ọyẹ́ sì dé ní oṣù kejìlá, ojú gìtá yóò fẹ́ súnkì, ọ̀pá tí ó dábùú rẹ̀ kò sì ní gbà fún un. Ojú náà yóò sì ya. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ṣe ọrùn àti egungun nígbà òjò, yóò sì fi lílẹ̀ ojú àti ẹ̀yìn dúró de ìgbà tí òjò bá dá.

Gìtá tí a ṣe tán kì í sábà wúwo tó kílógíráàmù 3. Igi ọ̀gànwó tí a ti inú rẹ̀ yọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi dàgbà, kò sì pọ̀ nínú igbó mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ rí. Pákó tí ó tó ilẹ̀kùn kan tó láti ṣe gìtá mélòó kan. Ohun tí ó ń sọ igi díẹ̀ di ohun iyebíye ni ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe gìtá fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ nípọn jù nítorí ìbẹ̀rù, ohùn rẹ̀ a sì há. Ní ìgbà kejì, ìgboyà a mú kí ó fá a kọjá ààlà. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ni etí àti ọwọ́ rẹ̀ yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ṣọ̀kan, tí yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ìfági dúró.